Etí pupa, etí búlúù lára Jupiter: èwo ni ká yàn, àwa tá a wà l'Ékìtì?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan ló ń wọlé ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi tẹlisikóòpù ya fọ́tò Jupiter àti Saturn nílé wa níbí, pé kí ló dé tí etí kan pílánẹ́ẹ̀tì náà ń pupa tí etí kejì ń jẹ́ búlúù, ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni àbí lẹ́ǹsì, ṣé kí àwọn ra ADC, ohun èlò kékeré onídígí tó ń da àwọ̀ tó tú ká padà pọ̀, tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ lórí YouTube? Mo fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tó wà wé ara wọn kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó bá yín mu kí owó tó jáde lápò, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀, àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ṣe é fún ara wọn, ọ̀run tí wọ́n ń wò ò sì rí bíi tiwa. Ẹni tó wà l'Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ tó bá tẹ̀lé e gbáà, á kàn ra ohun tí kò nílò ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò le. Afẹ́fẹ́ tó bo ayé mọ́lẹ̀ máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í tẹ gbogbo àwọ̀ bákan náà, ó ń tẹ búlúù ju gíríìnì lọ, ó ń tẹ gíríìnì ju pupa lọ, torí náà Jupiter kan ṣoṣo á wá di mẹ́ta tó gun orí ara wọn tí wọn ò bá ara mu dáadáa, ti búlúù á sún sókè díẹ̀, ti pupa á sún sísàlẹ̀. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa là kọjá ṣe máa nípọn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo àárín àwọ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Àákì-sẹ́kọ́ǹdì la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn dìgírì kan tá a pín sọ́nà 3,600. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá wà ní 20 dìgírì sókè ilẹ̀ (0 ni etí ilẹ̀, 90 ni òkè orí gan-an), àlàfo láti búlúù tó jìnnà jù sí pupa tó jìnnà jù á tó bí 3.6, ní 30 dìgírì á bọ́ sí bí 2.3, ní 45 á jẹ́ bí 1.3, ní 60 ó ti wálẹ̀ sí bí 0.8, tó bá wá gun 75 kò ní ju 0.4 lọ. Ẹ rántí pé Jupiter fúnra rẹ̀, lásìkò tó súnmọ́ wa jù, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bí 44 sí 50 àákì-sẹ́kọ́ǹdì lọ, Saturn láìka òrùka rẹ̀ kò ju 20 lọ. Nítorí náà àlàfo 2.3 kì í ṣe nǹkan kékeré rárá, ó tó láti pa gbogbo ìlà tín-ín-rín tó wà láàárín àwọsánmà Jupiter rẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé afẹ́fẹ́ ló fà á o. Tó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa pupa, ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́ á jẹ́ búlúù, búlúù níhà òkè ọ̀run, pupa níhà ilẹ̀, ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ tẹlisikóòpù ló máa ń dojú àwòrán dé. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ elésè àlùkò ló yí gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà ká bí òrùka, lẹ́ǹsì yín ni, àwọn tẹlisikóòpù onílẹ́ǹsì tí owó wọn ò pọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ADC tó máa wo ìyẹn sàn. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀: ẹ yà á nígbà tó wà nísàlẹ̀, ẹ tún yà á nígbà tó bá gun òkè lóru ọjọ́ yẹn kan náà. Tí àwọ̀ etí náà bá dínkù gidi, afẹ́fẹ́ ni. Tí kò bá yí padà, ẹ lọ yẹ ara tẹlisikóòpù wò.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́, mo sì ń ka owó ìfiránṣẹ́ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn, torí pé ohun tí wọ́n pè ní 130 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó dé Adó, iye rẹ̀ ti yí padà. Èkejì ni bóyá ọ̀nà náà ń wo nǹkan ọ̀hún sàn ní tòótọ́ àbí ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wàhálà rẹ̀ lóru, ẹni tó ń fi bátìrì láptọ́ọ̀pù àti power bank ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, kò ní àkókò láti máa yí skúrù kiri. Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fò dá, ni fífẹ̀ ẹnu tẹlisikóòpù yín. Ẹnu 130 mílímítà ò lè ya ohun tó bá kéré ju bí 0.9 àákì-sẹ́kọ́ǹdì sọ́tọ̀, ti 200 mílímítà lè dé bí 0.6, ti 250 lè dé nǹkan bí 0.46. Ẹ wá fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlàfo tí mo kọ sókè yẹn. Bí àlàfo bá ti kéré ju ohun tí ẹnu tẹlisikóòpù yín lè rí, tí ẹ wá lọ ná owó lé e lórí, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ máa rí lára àwòrán ò ní tó nǹkan.

Ọ̀nà kìíní: kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá gun orí yín

Èyí ò gba kọ́bọ̀, òun sì ni mo máa fi síwájú gbogbo ẹ̀ fún ará Èkìtì. Adó-Èkìtì wà ní bíi dìgírì méje ààbọ̀ sí àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì. Ojú ọ̀nà tí oòrùn ń gbà ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà ń gbà, ọ̀nà ọ̀hún kì í sì í lọ jìnnà ju bí dìgírì mẹ́tàlélógún ààbọ̀ lọ sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: kódà lọ́dún tí Jupiter bá lọ sí gúúsù jù, á ṣì gun tó nǹkan bí 60 dìgírì l'Adó. Ní 2019 àti 2020 nígbà tó wà lápá gúúsù yẹn, àwọn tó ń wò ó láti Lọ́ńdọ̀nù ò rí i kó kọjá bí 16 dìgírì sókè ilẹ̀, àlàfo àwọ̀ ọ̀dọ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 àákì-sẹ́kọ́ǹdì, ìdí nìyẹn tí ADC fi di dandan fún wọn. Lóru kan náà, láti Adó, àlàfo ọ̀hún kò tó 1. Damian Peach, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí yíya pílánẹ́ẹ̀tì, máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Barbados láti lọ yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gun òkè. Christopher Go tó kọ́kọ́ kíyè sí i ní 2006 pé ìjì Oval BA lára Jupiter ti di pupa, Cebu ní Philippines ló ń gbé, bíi dìgírì mẹ́wàá sí àríwá, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ibi tí àwọn kan ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wá ni Ọlọ́run gbé wa sí.

Jupiter, tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gemini ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ń gun bí 75 dìgírì lókè wa, ó sì máa ń lo bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lókè 60 lóru kan. Saturn ní Oṣù Kẹwàá 2026 á kọjá 80 dìgírì. Nínú Oṣù Kejì 2027, Jupiter àti Mars á jọ wà níhà àwọn ìràwọ̀ Leo, àwọn méjèèjì á gun bí 80, ọyẹ́ ló sì máa ń wà níta nígbà yẹn tí òjò ò sí. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá wà ní òdìkejì oòrùn, nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ òru sí aago kan ló máa ń gun òkè jù l'Adó, kì í ṣe aago méjìlá géérégé, torí aago wa ń sáré ṣíwájú oòrùn wa díẹ̀. Bí oṣù kan bá ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn, á ti yá ní bíi wákàtí méjì, nítorí náà ẹni tí kò lè pa oorun tì, kó ní sùúrù oṣù kan sí méjì, Jupiter á máa gun orí rẹ̀ ní aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ á ti dínkù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo fara mọ́ Jupiter tó kéré díẹ̀ tó wà lókè ju èyí tó tóbi tó ṣì wà lórí páànù ilé àdúgbò lọ.

Ìyẹn tún rán mi létí nǹkan kan, àǹfààní òkè yìí kò mọ sórí àwọ̀ nìkan. Ìsàlẹ̀ ọ̀run wa kún fún ooru tó ń jáde lára páànù, lára ọ̀dà títì, lára àwọn àpáta ńlá wa náà, ẹ wo Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́, odidi ọ̀sán ló fi ń jẹ oòrùn, tó bá wá dalẹ́ á máa tú u jáde, pílánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá gba orí rẹ̀ wò á máa gbọ̀n bí ohun tó wà nínú omi. ADC ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí: àwọn tó ń lo Dobsonian, tẹlisikóòpù tí ìdí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì àti sókè sódò, mọ̀ pé nǹkan tó bá wà lókè orí gan-an kì í rọrùn tẹ̀ lé, ẹ̀ẹ̀ máa yí i kiri bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù, mount EQ, ìyẹn ẹsẹ̀ tẹlisikóòpù tó ń yí tẹ̀ lé bí ọ̀run ṣe ń yí, ò ní wàhálà yẹn. Èkejì, òjò. Láti Oṣù Kẹrin títí dé Oṣù Kẹwàá, àwọsánmà ò ní bi yín léèrè aago tẹ́ ẹ fẹ́, tó bá ṣí sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí Saturn ṣì wà ní 30 dìgírì, ibẹ̀ náà lẹ máa yà á, torí ẹ ò mọ̀ bóyá á ṣí mọ́. Ẹ̀kẹta ni Àgùàlà àti Mercury, àwọn yẹn ò ní jìnnà sí oòrùn láéláé, Àgùàlà ò lè ju bí 47 dìgírì lọ sí i, Mercury ò lè ju 28, ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, wọ́n ti ń wọ̀ nìyẹn. Ẹni tó sì wà láàárín òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tàbí Òkè-Ìmẹ̀sí, òkè á ti gbé wọn mì kí wọ́n tó rẹlẹ̀ tán.

Ọ̀nà kejì: fílítà UV/IR cut àti RGB Align nínú kọ̀ǹpútà

Mo pa méjèèjì pọ̀ torí pé ìkan ò pé láìsí èkejì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún pílánẹ́ẹ̀tì ló ń rí infrared tí ojú wa ò rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn á wá bọ́ sínú pupa, sínú gíríìnì, sínú búlúù pàápàá, á sì na àlàfo náà gùn sí i. Fílítà kékeré UV/IR cut tí wọ́n ń dè sí imú kámẹ́rà ló ń dí i, nǹkan bí 30 sí 60 dọ́là. Ẹni tó ń fi fóònù yà ò nílò rẹ̀, ó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ya fídíò tán, AutoStakkert, sọ́fúwíà tó ń to àwọn fírémù jọ, ní ibi tẹ́ ẹ ti lè mú RGB Align (títo pupa, gíríìnì àti búlúù sójú kan), RegiStax náà ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀ fa àpótí yí pílánẹ́ẹ̀tì ká, ẹ tẹ estimate, á fà pupa àti búlúù wá sórí gíríìnì. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò ní Windows lè fi GIMP tú àwòrán sí àwọ̀ mẹ́ta, kó fọwọ́ sún wọn, kó tún kó wọn pọ̀ padà. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì gba iná ní pápá, ilé lẹ máa ti ṣe é.

Ṣé ó ń wo nǹkan náà sàn ṣá? Níbi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí nìyí. RGB Align á sún àwọ̀ mẹ́ta wá sójú kan, àmọ́ inú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ìmọ́lẹ̀ ti fà gùn kó tó wọ kámẹ́rà, ìyẹn ò ṣe é tún ṣe mọ́. Búlúù ló burú jù, ó lé ní ìdajì gbogbo àlàfo náà tó jẹ́ pé inú búlúù nìkan ló wà, gíríìnì ò tó bẹ́ẹ̀, pupa ló kéré jù. Ní 30 dìgírì, búlúù fúnra rẹ̀ ti fà tó bí 1.2 àákì-sẹ́kọ́ǹdì, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí i pé lẹ́yìn tí RGB Align ti mú àwọ̀ etí kúrò pátápátá, àwòrán búlúù náà ṣì rú, kò mú bíi ti pupa. Ní 60 dìgírì ó ti di bí 0.4, ẹni tí ẹnu tẹlisikóòpù rẹ̀ jẹ́ 200 mílímítà ò ní rí i. Torí náà lókè 60, mo gbà pé RGB Align ti tó. Láàárín 40 sí 60, ó ṣì dáa. Nísàlẹ̀ 40, ó ń fọ ojú àwòrán mọ́ ni, kò lè dá ohun tó ti sọnù padà.

Ọ̀nà kẹta: ADC

Prism méjì, ìyẹn dígí tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí ní òdìkejì ara wọn, wọ́n ń da àwọ̀ tí afẹ́fẹ́ tú ká padà pọ̀ kó tó dé kámẹ́rà. Òun nìkan ló ń tún inú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe, ohun tí sọ́fúwíà ò lè ṣe láé. Ti ZWO ló wọ́pọ̀ jù, bíi 130 sí 170 dọ́là lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lókè òkun, ti Pierro Astro wọ́n jù ú lọ dáadáa. Ẹ fi owó kó o wá síbí lé e, ẹ̀ẹ̀ rí i pé owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi ra Barlow (lẹ́ǹsì tó ń mú àwòrán tóbi sí i) tó dára pẹ̀lú fílítà UV/IR cut, méjì tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò jù ú lọ.

Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn Barlow ló yẹ kó wà, kó wà níwájú kámẹ́rà, torí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn lọ́gbọọgba láìpàdé kó tó wọ prism, f/10 sókè ló dáa (nọ́ńbà f ni gígùn ìfojúsùn tá a pín pẹ̀lú fífẹ̀ ẹnu tẹlisikóòpù), tẹ́ ẹ bá tì í sínú Newtonian (tẹlisikóòpù onídígí) f/5 láìsí Barlow prism náà á dá àbùkù tirẹ̀ sílẹ̀, fókọ́ọ̀sì pàápàá lè má dé. Àyè tó gbà láàárín Barlow àti kámẹ́rà á tún mú kí Barlow náà gbé àwòrán tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ń lo Barlow 3x kó ronú sí i, 2x lè ti tó o. Ẹ mú ọwọ́ kékeré méjèèjì tó wà lára ADC, tí wọ́n ń yí prism, wá sójú kan, ẹ yí ADC náà kó tò pẹ̀lú ilẹ̀, ẹ wá máa ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà títí àwọ̀ etí á fi pòórá. FireCapture àti SharpCap, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń yà, ní ohun tó ń bá yín wọn ìyàtọ̀ pupa sí búlúù lójú ẹsẹ̀, ẹ má fojú lásán ṣe é tẹ́ ẹ bá ní kámẹ́rà aláwọ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wá ń bẹ lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lóru yẹn. Pílánẹ́ẹ̀tì ń gòkè, àlàfo ń yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Lórí Dobsonian ìsàlẹ̀ ò ní yí kúrò ní ìsàlẹ̀, ó rọrùn, àmọ́ lórí mount EQ ìhà ibi tí ilẹ̀ wà nínú kámẹ́rà ń yí bí òru ṣe ń lọ, ẹ gbọ́dọ̀ máa yí ADC tẹ̀ lé e. ADC tí wọn ò tò dáadáa burú ju kò sí ADC lọ, á dá àwọ̀ etí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá wá gun 75 dìgírì, ẹ yọ ọ́ kúrò, kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, ojú dígí tí eruku ọyẹ́ máa bà lé ló kàn fi kún un. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ní ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì ti dára jù láti yà l'Ékìtì, ibẹ̀ gan-an ni ADC ò ti wúlò.

Ibi tó ti wúlò náà wà o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo kórìíra rẹ̀. Àgùàlà ní ìrọ̀lẹ́, Mercury, Saturn nígbà òjò tí ojú ọ̀run ṣí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àti ẹni tí ẹnu tẹlisikóòpù rẹ̀ tó 250 mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn á rí ìyàtọ̀ kódà ní 55 dìgírì.

Ọ̀nà kẹrin: kámẹ́rà mono pẹ̀lú fílítà R, G, B

Mono ni kámẹ́rà tó ń ya dúdú àti funfun nìkan. Ẹ̀ẹ̀ ya pupa lọ́tọ̀, gíríìnì lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀, ẹ ó wá kó wọn pọ̀. Fílítà tó dára máa ń gé àwọ̀ ṣáká, kì í jẹ́ kí àwọ̀ kan wọ inú èkejì bíi ti kámẹ́rà aláwọ̀, ojú kámẹ́rà náà ń lo gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tó ń jáde lẹ́wà, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ó wọ́n, kámẹ́rà, fílítà mẹ́ta, àti àgbá tó ń yí fílítà, á ṣòro kí gbogbo ẹ̀ tó dín ní 500 dọ́là. Jupiter tún ń yí kánkán, bíi wákàtí mẹ́wàá ló fi ń yí po, tẹ́ ẹ bá lo ìṣẹ́jú méjì lórí fílítà kọ̀ọ̀kan ohun tó wà lójú rẹ̀ ti sún, sọ́fúwíà WinJUPOS lẹ máa fi dá a padà, iṣẹ́ mìíràn tún nìyẹn. Tí àwọsánmà bá sì bo fílítà ẹ̀kẹta, ẹ ò ní àwòrán aláwọ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ etí nìkan, ẹ má ra mono. Búlúù rẹ̀ ṣì máa fà nísàlẹ̀, àwọn tó ń lò ó gan-an ń fi ADC kún un.

Ọ̀nà karùn-ún: fílítà IR-pass

Fílítà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá 685 nánómítà nìkan wọlé. Infrared kì í tú ká púpọ̀, àlàfo tirẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àwọ̀ tí ojú ń rí lọ, afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n pàápàá kì í dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ tó mú kí gbogbo ìlú funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i bíi ti búlúù. 50 sí 90 dọ́là ni. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni àwọ̀, dúdú àti funfun ló máa jáde, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún gùn tó fi jẹ́ pé tẹlisikóòpù kékeré ò ní rí nǹkan tín-ín-rín mọ́, mi ò ní sọ pé kí ẹni tí ẹnu tẹlisikóòpù rẹ̀ ò tó 150 mílímítà lọ rà á. Mars dára púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ojú rẹ̀ á yọ kedere.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń fi fóònù yà lẹ́nu ojú tẹlisikóòpù, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ dúró kí pílánẹ́ẹ̀tì gun òkè, ẹ fi RGB Align kún un, owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹ fi ra ohun tó ń di fóònù mú kó má gbọ̀n.

Ẹni tó ní 114 sí 150 mílímítà pẹ̀lú kámẹ́rà aláwọ̀, UV/IR cut ló kù fún yín. ADC ò ní fún yín ní ohun tẹ́ ẹ lè rí lókè 50 dìgírì, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Manchester dá yín lẹ́jọ́.

Ẹni tó ní 200 mílímítà tó lè ji lóru, UV/IR cut àti sùúrù. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àárọ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè ji, tó fi jẹ́ pé aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nìkan lẹ ní, tí pílánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń lé sì wà nísàlẹ̀ 40 nígbà yẹn, ADC á sanwó ara rẹ̀ fún yín. Ẹni tó fẹ́ràn ìlà àwọsánmà àti ilẹ̀ Mars ju àwọ̀ lọ, IR-pass, kó sì ti wà nílẹ̀ kí Oṣù Kejì 2027 tó dé, torí ojú Mars ò ní tó 14 àákì-sẹ́kọ́ǹdì nígbà yẹn, ẹ máa nílò gbogbo ìrànlọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá rí.

Ẹni tó ní 250 mílímítà sókè, ẹ ra ADC, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn ni mono lè tẹ̀ lé e tó bá wù yín.

Iléèwé tàbí ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ pọ̀ sí, tẹlisikóòpù tó wà bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi UV/IR cut sórí gbogbo wọn, kẹ́ ẹ ra ADC kan ṣoṣo tí wọ́n á máa pín lò. Àgùàlà lẹ máa fi kọ́ wọn, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tán pátápátá kí ọmọ kankan má baà ṣèèṣì kojú tẹlisikóòpù sí oòrùn, torí àwọ̀ etí Àgùàlà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan tẹlisikóòpù lọ́jọ́ yẹn á rí pupa àti búlúù bí wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn bó ṣe ń ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀.